Ọ̀sẹ̀ méjì ìkánjú: ohun tó ń ṣe èjìká àwọn ọmọ wa tó ń ju bọ́ọ̀lù

Nídìí odó la ti kọ́kọ́ fura, kì í ṣe lórí pápá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 13 tó ń gbá handball (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú gólì) fún iléèwé rẹ̀ nílùú Oǹdó, ni ìyá rẹ̀ ní kó wá gún iyán lálẹ́ Sátidé kan tí mo lọ kí wọn. Ó gbé ọmọ odó, ó gún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó pààrọ̀ ọwọ́. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, òun ló wá ń fi òsì gúnyán yìí. Ọmọ odó ń gbá etí odó, iṣu ń ta sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń pariwo mọ́ ọn pé kó yéé ṣeré. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè tó ń múra iléèwé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń wò ó. Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ rọra tì bọ ọwọ́ yunifọ́ọ̀mù. Ó wá fi òsì fa aṣọ náà gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé èjìká, ó pa ètè pọ̀ kí ohùn má bàa jáde. Mo bi í pé kí ló dé.

"Kò sí nǹkan, Àǹtí. Tá a bá ti gbá ìdíje yẹn tán, á lọ."

Kò lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń yà sí pápá iléèwé bí mo bá ń kọjá, ní Àkúrẹ́ tí mò ń gbé àti ní Oǹdó, pàápàá lásìkò ìntá-háósì àti ìgbà tí àwọn iléèwé bá ń bá ara wọn díje. Ó ṣọ̀wọ́n kí n dúró pẹ́ kí n má rí ọmọ kan tó ń fi ọwọ́ òsì tẹ èjìká ọ̀tún, tàbí tó ń yí apá rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan há sí oríkèé. Bí mo bá bi àwọn àgbà tó wà nítòsí, wọ́n á ní ara ló ń ro ó, tàbí iṣan ló fà. Wọ́n á fi róòbù pa á, ọmọ á padà sórí pápá.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ, ó ní ìdí, ó sì ní ìwòsàn. Ìpalára àlòjù ni. Kò sí pé ọmọ ṣubú, kò sí pé ẹnìkan kọlù ú, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: jíjù kan kò ṣe nǹkan, ọgọ́rùn-ún kò hàn, nígbà tó bá fi di ẹgbẹ̀rún, ohun tó ń rọra ya ti ya tán.

Kó lè yé wa ìdí tó fi jẹ́ èjìká ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká wo ìbàdí ná. Egungun itan wọ inú ihò ìbàdí bí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó. Ihò náà jìn, ó gba orí egungun mọ́ra, kò rọrùn kó yọ. Èjìká kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orí egungun apá tóbi, àwo tó fara tì kéré, kò sì jìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, kó mú àgbálùmọ̀ kan kó gbé e lé ìdérí ìgò. Ohun tí kò jẹ́ kí àgbálùmọ̀ yìí yí bọ́ ni iṣan kéékèèké mẹ́rin tó wé mọ́ ọn yíká, pẹ̀lú kèrékèré tó ṣe etí fún àwo náà, àti egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká tó ń sún tẹ̀lé apá níbikíbi tó bá ń lọ. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn tí a fi lè yún ara wa lẹ́yìn, tí a fi lè ká máńgòrò lókè orí, tí a fi lè sọ ẹrù ka orí láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ kò lè ṣe ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìrìn fàlàlà tí apá ń rìn yẹn, ọrùn iṣan mẹ́rin náà ló wà.

Jíjù fúnra rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ apá nìkan. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni agbára ti ń gbéra, á gba orúnkún, á gba ìbàdí tó yí, á gba àyà, kó tó dé èjìká. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n jù, ẹsẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, apá kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Àwọn tó fi ẹ̀rọ wọn àwọn àgbà tó ń ju béésìbọ́ọ̀lù, eré Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú, rí i pé èjìká wọn ń yí ní ìwọ̀n tó lé ní dígíríì 7,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí apá bá lè máa yí lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, á yípo ju ìgbà 19 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ara ènìyàn ń ṣe tó yára tó o. Ọmọ ọdún 13 kò lè jù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni.

Ìdádúró tilẹ̀ tún le ju jíjù lọ. Bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́, apá kò tíì mọ̀. Ó ṣì ń fò lọ, ó fẹ́ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, àwọn iṣan tín-ínrín ẹ̀yìn èjìká ló sì gbọ́dọ̀ fa ìjánu rẹ̀ kó tó jà kúrò. Iṣan ìjánu wọ̀nyí ló máa ń rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n, ẹrù wọn á bọ́ sórí ohun mìíràn.

Lára àgbà, orí iṣan tàbí kèrékèré etí àwo ni ẹrù náà ń bọ́ sí. Lára ọmọdé, ó tún ní ibòmíràn tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ní òkè egungun apá, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tó ti pàdé èjìká, ìlà kèrékèré kan wà tí egungun ti ń gùn. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn tí egungun apá òkè yóò gùn, ibẹ̀ ló ti ń wá. Nígbà tí ọmọ bá ń parí ìdàgbà ni ìlà náà máa ń di egungun gidi, ti àwọn obìnrin a sì máa ṣáájú ti ọkùnrin. Kó tó di ìgbà yẹn, ó rọ̀ ju egungun lọ, ó sì rọ̀ ju iṣan tó so mọ́ ọn lọ. Ẹni tó bá ti wo bíríkìlà níbi tó ti ń mọ ògiri á mọ ohun tí mò ń sọ: bí símẹ́ǹtì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù méjì kò bá tíì gbẹ, tí ẹnìkan wá ń ti búlọ́ọ̀kù òkè síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà gbogbo tó bá ń kọjá, búlọ́ọ̀kù méjèèjì ò ní fọ́, àárín wọn ló máa là.

Ní ọdún 1953 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Dotter, kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ lára ọmọ tó ń ju béésìbọ́ọ̀lù. Wọ́n fi orúkọ líìgì àwọn ọmọdé ibẹ̀ pè é, Little League shoulder, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà nílẹ̀ tí wọn kì í ti í gbá béésìbọ́ọ̀lù, wọ́n rò pé àìsàn òyìnbó ni. Èjìká kò mọ orúkọ eré. Ọmọ tó ń gbá handball, èyí tó ń ju ọ̀kọ̀, èyí tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lókè àwọ̀n, èyí tó ń sáàfù nínú tẹ́níìsì, gbogbo wọn ló lè ní in. Láàárín ọdún 11 sí 16 ló wọ́pọ̀ jù, nígbà tí ọmọ ń gùn kíákíá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka jíjù. Láti ọdún 2007 ni líìgì yẹn ti fi òfin dé e: ọmọ ọdún 9 sí 10 kò gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí agbábọ́ọ̀lù ju ìgbà 75 lọ lóòjọ́, ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọ́dọ̀ kọjá 85, ọmọ ọdún 13 sí 16 kò gbọ́dọ̀ kọjá 95. Ọmọ ọdún 14 sí ìsàlẹ̀ tó bá jù tó 66 lọ́jọ́ kan, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni yóò fi sinmi kó tó tún jù. Wọn ò kàn fi ìka ka iye wọ̀nyí. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006 fi àwọn ọ̀dọ́ 95 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká tàbí ìgúnpá fún wé àwọn 45 tí nǹkan kan kò ṣe. Àwọn tó máa ń jù nígbà tí apá ti rẹ̀ wọ́n ni ìyàtọ̀ wọn pọ̀ jù: ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá ara wọn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní ìlọ́po 36 ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn tó ń jù ju oṣù mẹ́jọ lọ láàárín ọdún, ìlọ́po márùn-ún ni tiwọn.

Ó yẹ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ apá tó rẹ̀ yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀ sí tiwọn níbì kan, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ síta. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ń jù yí ọdún po, eré kò dáwọ́ dúró. Níbí, ọ̀pọ̀ iléèwé kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí sáà bá ti wọlé. Kò sí àkókò, kò sí bọ́ọ̀lù, ìdánwò ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà ìdíje á dé. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà géèmù á kó àwọn ọmọ jáde láago mẹ́rin lójoojúmọ́, wọ́n á máa jù títí ilẹ̀ á fi ṣú, Sátidé náà kò ní sinmi. Nígbà tí mo lọ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo mú ọmọ kan lójú, mo ń ka tirẹ̀ nìkan. Mo kọjá ọgọ́rùn-ún kí n tó dákẹ́, wọn ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní ìdánrawò gidi, níbi tí wọ́n ti ń tò síwájú gólì tí wọ́n á máa fi gbogbo agbára jù ú.

Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì, tí handball jẹ́ eré ńlá lọ́dọ̀ wọn, ti wo irú nǹkan yìí fínnífínní. Wọ́n tẹ̀lé ọmọ 679, ọlọ́dún 14 sí 18, jálẹ̀ sáà ìdíje kan, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Ọmọ tí wákàtí handball rẹ̀ bá fò sókè lọ́sẹ̀ kan ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí bó ṣe ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú, ewu pé èjìká rẹ̀ á bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn tí iṣan ẹ̀yìn èjìká wọn kò lágbára tó tilẹ̀ wà nínú ewu kí ìfikún náà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiwa wé e. Ìdá 60 ni wọ́n ń bẹ̀rù. Láti orí òfo ni tiwa ti ń fò lọ sí jíjù ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ìkánjú yẹn ló ń ba èjìká àwọn ọmọ wa jẹ́, ju eré náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ó wá burú jù fún ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá, nítorí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ẹ. Iléèwé ń pè é, kíláàbù àdúgbò ń pè é, bí àwọn aṣàyàn ìpínlẹ̀ bá tún rí i, wọ́n á kó o lọ sí kám̀pù ìpalẹ̀mọ́ fún National Youth Games tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 15 lọ. Kóòṣì mẹ́ta, èjìká kan. Olúkúlùkù ń ka èyí tó jù lọ́dọ̀ tirẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ló ti jù, bí ó bá tilẹ̀ kà á. Ariwo kíríkẹ́ẹ̀tì, eré mìíràn tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, náà ti ń ròkè láti oṣù Jánúárì ọdún 2025, tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tó ọdún 19 lu New Zealand ní ìdíje àgbáyé ní Malaysia. Inú mi dùn sí i gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa fẹ́ ju bọ́ọ̀lù náà bí wọ́n ṣe jù ú, ó sì yẹ kí ẹni tó máa kọ́ wọn mọ̀ pé eré kíríkẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà tó dín iye tí ọmọ ń jù kù gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwé òfin handball kò ní irú rẹ̀. Ọwọ́ àwa àgbà ló kù sí.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àjọ handball àgbáyé to bọ́ọ̀lù sí nọ́ḿbà mẹ́ta. Nọ́ḿbà 1, tó wúwo tó gíráàmù 290 sí 330, ni ti àwọn ọmọbìnrin ọdún 8 sí 14 àti ọmọkùnrin ọdún 8 sí 12. Nọ́ḿbà 2, gíráàmù 325 sí 375, ni ti àwọn ọmọkùnrin ọdún 12 sí 16 àti àwọn obìnrin tó ti lé ní 14. Nọ́ḿbà 3, gíráàmù 425 sí 475, ti àwọn géńdé ọkùnrin ni. Iléèwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, nọ́ḿbà 3 ni, awọ rẹ̀ ti há, wọ́n sì ti fi okùn ìránbàtà rán ojú ibì kan. Mo gbé e lọ́wọ́. Ọwọ́ èmi àgbà kò ká a tán. Ọmọ tí ìka rẹ̀ kò lè gbá bọ́ọ̀lù mú, àtẹ́lẹwọ́ ló máa fi tì í, èjìká ló sì máa san gbèsè ohun tí ìka kò lè ṣe. Bákan náà ni ti ọ̀kọ̀: gíráàmù 500 ni ti ọmọbìnrin tí kò tó 18, gíráàmù 700 ni ti ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n 600 àti 800 ti àwọn àgbà ló máa ń wà nínú sítọ̀ọ̀ iléèwé bí ó bá wà rárá. Bí owó iléèwé bá máa ra nǹkan kan lọ́dún yìí, kó jẹ́ bọ́ọ̀lù tó bá ọwọ́ ọmọ mu.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí fi kan ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹni tó bá dín ọdún ọmọ kù kó lè wọ ìdíje àwọn kéékèèké kò kàn purọ́ fún àwọn tó ń ṣètò. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n á gbé fún un, iye tí wọ́n á ní kó jù, ohun tí dókítà á rò nígbà tó bá wo fọ́tò egungun rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dúró lórí ọjọ́ orí tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé wá kàn. Èjìká ọmọ wa kì í sinmi nígbà tó bá kúrò lórí pápá. Ó ń fa omi nínú kànga, ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń gúnyán, ó ń fọ aṣọ. Àwọn tó wà lágbègbè oko, tó bá di ìgbà kòkó, á di ọ̀pá gígùn mú sókè orí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú, kí wọ́n tó sáré wá sí ìdánrawò. Mi ò sọ pé kí ọmọ má ṣiṣẹ́ ilé. Ọmọ tí kò bá ṣiṣẹ́ ilé kò tíì gba ẹ̀kọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé èjìká kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì ní àpò ọ̀tọ̀ fún ti ilé àti ti pápá. Ọjọ́ tí ọmọ bá jù púpọ̀, kí ẹlòmíràn gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí òbí bá fẹ́ mọ̀, ilé ló ti máa mọ̀. Ara ríro lásán máa ń wà nínú ẹran ara, á mú kọjá ibi púpọ̀, á sì lọ láàárín ọjọ́ méjì. Èyí tí mò ń sọ kì í lọ. Lókè apá, lápá ìta, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí góńgó èjìká ló máa ń wà, bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ọmọ á fà sẹ́yìn. Ó ń dùn ún nígbà tó bá jù, lẹ́yìn náà á máa dùn ún lẹ́yìn tó bá jù tán, nígbẹ̀yìn á dé orí ibùsùn. Lórí pápá, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á máa dẹ̀, kò ní máa lọ síbi tó ń wò, ìgúnpá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ tí yóò fi máa jù láti ẹ̀gbẹ́. Kóòṣì á rò pé kò fẹ́ ṣe é mọ́. Nínú ilé, ó ń fi òsì ya irun, ó ń fi òsì gbálẹ̀, kò fẹ́ kó aṣọ sórí okùn. Bí ọwọ́ bá tún ń kú tàbí tó ń ta á ṣíṣì títí dé ìka, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Àwọn ọmọ kì í sọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn ju gbogbo àmì lọ. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá sọ, ẹlòmíràn á gba ipò wọn, wọ́n sì ti gbọ́ "ọ̀lẹ" létí tó. Kóòṣì tó bá bi ọmọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé "ṣé ó ń dùn ẹ́?" ti mọ ìdáhùn kó tó bi í. Kó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní kó gbé apá méjèèjì sókè, kó fi ìka tẹ ibẹ̀, kó wo ojú rẹ̀.

Ohun tí àwa ṣe kò dára, mo sì ń sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má ṣe é. A fún un ní oògùn ara ríro láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Ó jù, wọ́n borí nínú ìdíje kejì, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Oògùn náà ti pa ẹnu ohun tó yẹ kó kìlọ̀ fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò lè gbé ọwọ́ dé orí rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun, bàbá náà fa apá náà, ó yí i, ó sì fi aṣọ dì í. Mi ò bá àwọn tó ń to egungun jà, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti ràn lọ́wọ́ nínú ìdílé wa. Ṣùgbọ́n egungun tó ṣẹ́ tàbí oríkèé tó yẹ̀ ni iṣẹ́ wọn, èyí kò ṣẹ́, kò sì yẹ̀. Ojú ibi tí egungun ti ń dàgbà ló là, fífà ló sì ń là á sí i. Omijé ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Èjìká méjèèjì ni dókítà ní kí wọ́n yà ní x-ray. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí ìlà tí mo sọ yẹn wà ní ti ara rẹ̀ lára gbogbo ọmọ, ẹni tó bá wo ọ̀kan ṣoṣo lè máà mọ èyí tó fẹ̀ jù. Ó fi àwòrán méjèèjì há iwájú iná, ó fi ẹnu bírò tọ ìlà ti òsì, ó tín-ín-rín bí okùn abẹ́rẹ́. Ó wá tọ ti ọ̀tún. Ó fẹ̀, etí rẹ̀ rí jágajàga lápá ìta, bí ojú ilẹ̀ tó sán lọ́gbẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn di ọwọ́ ọmọ wọn mú.

Kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀: kí ọmọ má ju nǹkan kan fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ó lè sáré, ó lè fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sí pápá, kó má kàn jù. Lẹ́yìn náà, físíò, ìyẹn olùtọ́jú tó ń fi eré ìmárale wo iṣan àti oríkèé, á máa fún iṣan ẹ̀yìn èjìká lágbára, nígbà tí ìrora bá sì ti tán pátápátá, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ra, jẹ́jẹ́, á máa fi ìwọ̀nba sún sẹ́yìn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó bá sinmi bó ṣe yẹ ló máa ń padà bọ̀ sípò. Ewu wà fún èyí tí wọ́n bá fi agbára mú padà: lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ìdàgbà náà a máa pa dé ṣáájú àkókò, apá kan á sì kúrú ju èkejì lọ. Ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ lè bá wọn ní UNIMED, ilé ìwòsàn yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ béèrè fún dókítà egungun àti físíò, ẹ sì sọ fún wọn kíákíá pé ọmọ náà ń gbá eré tí wọ́n ń ju nǹkan, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n á wò.

Ohun tí físíò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láti máa lò ni túùbù inú táyà ọ̀kadà tí wọ́n gé ní tẹ́ẹ́rẹ́. A so orí kan mọ́ irin fèrèsé. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó di ìgúnpá mọ́ ìhà, ó ń fa rọ́bà náà síta, ó ń dá a padà jẹ́jẹ́, ìdápadà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ní Norway, wọ́n fi irú eré ìmárale bẹ́ẹ̀ kún ohun tí àwọn ẹgbẹ́ handball ńlá fi ń mú ara gbóná kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ 45 ló kópa, agbábọ́ọ̀lù 660, àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2017: ewu ìṣòro èjìká fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó ṣe é. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí iléèwé ìjọba ní Oǹdó kò lè ṣe. Lọ́dọ̀ vulcanizer ni túùbù wà.

Mo lọ bá tíṣà géèmù wọn. Mo ti mú ìbínú dání láti ilé. Ó gbọ́ mi tán, ó wo àwòrán x-ray tí mo yà sínú fóònù, ó ní, "Ẹ ṣé, ma. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn, èjìká tèmi ṣì ń dùn mí títí dòní." Ìbínú mi rọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà ń fi owó ara rẹ̀ ra omi fún àwọn ọmọ yẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ láti kà. A jókòó sórí bẹ́ńṣì, a ṣe ìṣirò pọ̀: bí ọ̀sẹ̀ méjì ìpalẹ̀mọ́ bá lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí jíjù bẹ̀rẹ̀ láti kékeré kó máa rọra gòkè, kí ọjọ́ kan sì wà láàárín tí èjìká máa fi sinmi. Ó ní ọ̀gá àgbà lè má gbà, nítorí ẹ̀kọ́ àfikún ọ̀sán. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ bá wọn. Wọ́n gbà fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. A ṣì ń bẹ̀ wọ́n fún ẹ̀kẹta.

Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ìsinmi rẹ̀. Ó jókòó sí ìdí igi lẹ́bàá pápá pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ sí apá òsì, ó ń fa ìlà síwájú orúkọ bí wọ́n ṣe ń jù, mẹ́rin-mẹ́rin, kó tó fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Ọmọkùnrin kan sáré wá, òógùn ń kán lára rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí òun ju ẹ̀kan péré sí i. Ó yí ìwé náà sí i, ó fi ìka sí orúkọ rẹ̀.

"Ogójì ti pé."

Ọmọ náà wo ojú tíṣà. Tíṣà ní ohun tó wà nínú ìwé náà ni. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lọ mu omi.